Ogun Kìrìjì Ló Kàn Nínú Páálí Sójà Oníke

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Barking

Mo rí i lójú àwọn kan nínú yín pé wọ́n ń ṣe kàyéfì ohun tí olùkọ́ ìtàn ń wá nídìí ohun ìṣeré ọmọdé. Àgbàlagbà tó ń ra sójà oníke fún ara rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Wọ́n ń kùn wọ́n lọ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n á sì fi wọ́n jagun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rọ̀ tí kì í tán lẹ́nu wọn ni ogun ìgbà wo ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe é gbé jáde báyìí. Èmi náà bá wọn dá sí i lónìí: ogun Kìrìjì ló kàn.

Barking àti Dagenham níbí kò kúkú ṣàjèjì sí ère kékeré. Ní 1922, àwọn òṣìṣẹ́ hú ère igi kan jáde nínú ẹrẹ̀ ní Dagenham. Ó ti lé ní ẹgbàajì ọdún, kò sì ní apá. Ṣùgbọ́n sójà ìṣeré tí à ń sọ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní London níbí, ní 1893, William Britain ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sójà òjé tó ní ihò nínú, kí òjé má baà pọ̀ jù, kí owó rẹ̀ lè dín sí ti àwọn ará Jámánì. Ọdún 1893 kan náà ni ibùdó ogun Kìrìjì tú ká. Nígbà tó di 1959, ilé-iṣẹ́ Airfix gbé sójà oníke kéékèèké tirẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà wọ́n ti ṣe Róòmù, wọ́n ti ṣe Waterloo, wọ́n ti ṣe ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà àti ogun àgbáyé méjèèjì. Robin Hood pàápàá ní páálí tirẹ̀.

Ẹ wo ère Job Drain tó wà nígboro Barking. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1914, ní Le Cateau nílẹ̀ Faransé, òun àti Frederick Luke gun ẹṣin wọ àárín ọta, wọ́n fa àgbá kan yọ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sì fún wọn ní Victoria Cross. Airfix ṣe àwọn ológun àgbá Gẹ̀ẹ́sì ti ogun náà, tẹṣin tàgbá. Ọmọ Barking tó bá fẹ́ tò ó sórí tábìlì lè ṣe é tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti Òkè-Mẹ̀sí wá ńkọ́? Súlù ni wọn yóò nà sí i.

Mi ò bá Súlù jà. Ogun 1879 ni, sinimá tó jáde ní 1964 sì sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri, ilé-iṣẹ́ Esci náà sì fi ṣe sójà. Ohun tó ń bí mi nínú ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ nínú àwọn páálí wọ̀nyí: kó sáré wá, kó ṣubú. Tarzan ti Airfix kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi ìgbà tí òyìnbó bá ń wá ẹni tí yóò yìnbọn fún ni wọ́n ń rántí wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ogun tó jẹ́ pé àwa la wà lápá ọ̀tún, àwa la wà lápá òsì.

Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí ló dá iná sí ogun Kìrìjì ní 1878, nígbà tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé wá di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà kó Ìbàdàn jáde. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, ibùdó méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko. Látòósà kú síbẹ̀ ní 1885 láì padà dé Ìbàdàn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ọdún méje mìíràn kọjá kí ibùdó tó tú.

Ìbọn ni yóò sọ bí sójà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe dúró. Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ẹni tó bá yìn ín tán gbọ́dọ̀ gbé e nàró, kó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, kó ki ọta, kó fi ọ̀pá gún un wọlé, ìgbà náà ló tó lè tún un yìn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló ń fi Snider ránṣẹ́ sílé. Snider, ìdí ni wọ́n ti ń ki í, ẹni tó gbé e sì lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kó máa yìn ín lọ láì gbé orí. Ìbàdàn náà padà rí díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí màbo.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irin méjì ni móòdù, wọ́n gbẹ́ ìdajì ènìyàn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pa wọ́n dé, wọ́n á fi agbára ti ike yíyọ́ sínú, wọ́n á ṣí i. Ohun tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn òmíràn kò ní jẹ́ kí irin ṣí, nítorí náà ni ìbọn ọ̀pọ̀ sójà oníke fi lẹ̀ mọ́ wọn láyà. Ẹni tó ń fi ọ̀pá gún ìbọn kò ní fún wọn ní wàhálà: ìbọn wà lóòró, apá kan gbé sókè, gbogbo rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ̀wù ogun ni yóò dá wọn lágara. Àdó ń bẹ lára rẹ̀, ońdè ń bẹ lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló yọ gọngọ. Bí ẹni tó ń ya ère náà bá ní òun yóò fá a dán kí irin lè ṣí, jagunjagun Ìbàdàn á di ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní obìnrin ajagun Dàhómì ló yẹ kó ṣáájú. Sinimá The Woman King ti polówó wọn ní 2022, wọn ò nílò tèmi. Ẹni tó bá ṣe wọ́n kó má gbàgbé àwọn tó wà lórí odi Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, tí wọ́n lé wọn padà. (Mo rí àwọn Ẹ̀gbá tó ń mi orí lẹ́yìn lọ́hùn-ún.)

Ogun àgbáyé kejì ní Burma ni mo fi ṣe ìkejì. Ẹ̀ka ọmọ ogun 81 àti 82 láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà níbẹ̀. Ní àfonífojì Kaladan ní 1944, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù ogun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn fún Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí àwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Airfix ṣe sójà Jàpáànù, ó ṣe ti Ọsirélíà. Kò ṣe tiwa.

Ẹnìkan yóò bi mí nípa ẹrú nínú ogun Kìrìjì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Èkìtìparapọ̀ dìde kí wọ́n lè bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn, síbẹ̀ apá méjèèjì ló ń kó ènìyàn lẹ́rú. Èmi ò fẹ́ rí ẹni tí wọ́n so lókùn nínú páálí, torí mi ò mọ eré tí ọmọdé fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé tó bá páálí wá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láì fi bò. Àwọn obìnrin tó ń dáná ní ibùdó, àwọn onílù, àwọn tó ń ru ẹ̀tù, ní tiwọn, kí wọ́n wà nínú páálí.

Ó wá ku owó, torí móòdù irin kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, oníṣòwò sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò rà á. Ẹ̀wù ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ilé-iṣẹ́ Perry àti Victrix ti ń fi ike líle ṣe sójà báyìí, apá lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀, kí ẹni tó rà á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Bí wọ́n bá fi apá tó di Snider mú àti èyí tó di ṣakabùlà mú sínú móòdù kan náà, wọ́n ti fi owó kan ṣe ọmọ ogun méjì. Ẹni tó bá ra páálí kan lè fi ṣe Ìbàdàn. Kó tó lè rí ẹni bá jà, yóò padà wá ra òmíràn.