Kòkó Wa àti Ààlà Oko Wa
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ sọ níwájú Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa ní ìpàdé ọdọọdún)



Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ní ọdún 1986, ẹni tí ó bá wù wá ni a ń tà á fún. Kòkó oko mẹ́wàá a máa bá ara wọn nínú àpò kan, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè oko tí ó ti wá. Ìbéèrè náà ti dé wàyí. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ ṣe òfin pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́mbà, 2020, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn kan sì ń sọ pé yóò kú síbẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ wa bèèrè pé òyìnbó tí ó ti gé igbó tirẹ̀ tán, kí ni ó ń wá nínú igbó wa? A rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo oko wa. Abẹ́ igi ńlá ni àwọn bàbá wa gbin kòkó sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókó wà láàárín rẹ̀, òun ni ilé sì ń jẹ. Níbi tí àwọn agégẹdú ti kó igi lọ, oòrùn ń pa ọmọ kòkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn sì ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń wọ igbó ọba lọ wá ilẹ̀ tuntun, ilẹ̀ tí òfin yìí kò ní gba kòkó rẹ̀.

Oko tí ó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí éékà 10, a ó rìn yí ààlà rẹ̀ ká, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, àmì ojú kan tó fún un. Fóònù lè gbà á.

Ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin gan-an ni a ń bẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ránṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn oko àwọn, kí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ má baà fi ìyẹn gba ilẹ̀. Ẹ̀rù yín kò ṣàì nídìí. Síbẹ̀, àmì inú fóònù kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí onílẹ̀ àti olóko kọ àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí ná, kí a tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá kọ̀, ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ro oko náà ni kò ní rí kòkó rẹ̀ tà, ìṣákọ́lẹ̀ yín yóò sì bá a lọ.

Àwọn àgbà tí ó mọ ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ mọ́. Méjì nínú wọn kú láàárín ìpàdé èṣí sí ti òní. Ní Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, láti àwọn oko tí ó wà lọ́nà odò. Kí ẹni tí ó ní fóònù mú un wá, kí ẹni tí ó mọ ààlà sì wọ bàtà oko rẹ̀.