OWÓ ÌDÌBÒ, ÀTI ẸNI TÍ YÓÒ SAN ÁN

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ti owó tí ẹni tí ń du ipò ní àgbègbè wa ń kó jọ, àti bí ó ti ń ná an.

Ìnáwó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ń fẹ́ ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ níláti rìn láti abúlé dé abúlé, kí ó háyà ọkọ̀, kí ó sì tẹ ìwé tí yóò pín kiri. Nítorí náà, Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí a fi ṣe ìdìbò ọdún 2023, kò ka ìnáwó léèwọ̀. Gbèdéke ni ó fi sí i: 30 mílíọ̀nù náírà fún irú olùdíje bẹ́ẹ̀. Ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta olùdíje kan lọ́rẹ ju 50 mílíọ̀nù náírà lọ.

Ẹ kíyèsí i pé, lábẹ́ òfin ọdún 2022 yẹn, ọrẹ ẹnìkan ju gbogbo ìnáwó olùdíje náà lọ! Ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé gbogbo ẹrù náà nígbà náà láìrú òfin. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ná kọjá gbèdéke lábẹ́ òfin yẹn, ìtanràn rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 100 gbèdéke náà, èyíinì ni 300,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì.

Gbèsè ni irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ tún ọ̀nà ṣe, tí ọlọ́rẹ náà sì ń fẹ́ iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀, ta ni aṣojú wa yóò gbọ́ tirẹ̀? Àwọn àgbà wí pé, ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Òwe yìí kan àwa olùdìbò pẹ̀lú. Ní Èkìtì, ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ "dìbò kí o sebẹ̀" gba ìlú kan. Ọbẹ̀ náà kò ju ti ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni a fi san án. Òfin sì ka ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà sí arúfin bákan náà.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Bí a bá rí ẹni rere, ẹ jẹ́ kí àwa púpọ̀ dá owó díẹ̀díẹ̀ fún un, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé àwa ni ó jẹ ní gbèsè. Bí olùdíje bá sì wá síbi ìkórè wa, tí ó gbé owó ńlá kalẹ̀, kí a má ṣe kánjú pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í pé: Ọwọ́ ta ni owó yìí ti wá, kí sì ni ẹni náà ń retí?