Mọ́tò Àkọ́rà Òṣìṣẹ́ ní Íńdíà: Ti Epo Ni Tàbí Ti Iná?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka

Nígbà tí àwa mẹ́ta dé láti Pune ní Íńdíà, níbi tí a ti lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní 2025, ẹ ní kí a wá jábọ̀. Ní ti ẹ̀rọ àti iṣẹ́, a ti kọ ìyẹn fún ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò wọ inú ìwé náà: ọ̀rọ̀ mọ́tò tí òṣìṣẹ́ kan fẹ́ rà.

Ọ̀rẹ́ wa ni ọkùnrin náà, ibi iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń dúró sí. Alùpùpù kan ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ti ń gùn káàkiri láti ọdún mọ́kànlá: ọmọ kan níwájú, èkejì láàrin bàbá àti ìyá, tí òjò oṣù Júláì sì ń pa gbogbo wọn. Ó ti tọ́jú owó díẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ wọn sì ti ṣèlérí láti yá a ní ìyókù. Kò ní mọ́tò rí, baba rẹ̀ náà kò ní. Bí ó bá ṣì í rà, gbèsè ọdún méje ni ó rà yẹn.

Lọ́dọ̀ wọn, 1983 ni Maruti 800 jáde, mọ́tò kékeré tí ó mú kí àwọn olówó oṣù máa rò ó pé àwọn náà lè ní ọkọ̀. Ti epo ni. Ti iná náà kì í ṣe àjèjì pátápátá, nítorí Reva ti ń jáde ní Bangalore láti 2001, ṣùgbọ́n ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ìgbà tí Tata gbé Nexon tí ń lo iná jáde ní 2020, tí Tiago sì tẹ̀lé e ní 2022, ni ọ̀rọ̀ náà tó kan irú àwa yìí.

Owó orí ló kọ́kọ́ da ọ̀rẹ́ wa láàmú. Láti oṣù August 2019, 5 nínú 100 péré ni ìjọba wọn ń gbà lórí mọ́tò oníná, nígbà tí ti epo kékeré ń san 28 àti èlé díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu. Àfi bí ó ṣe di 22 September 2025 tí wọ́n já ti epo kékeré wálẹ̀ sí 18. Ọjọ́ yẹn ni ó tún mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa náà sì jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí lórí pépà. Ó gbé e pé ti iná yóò fi 300,000 rúpìì wọ́n ju ti epo lọ. Epo lítà kan lé ní 100 rúpìì ní Pune. Ó fi 104 ṣírò, ó sì ní lítà kan yóò gbé òun rin kìlómítà 18. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rúpìì 6 fún kìlómítà kan. Ti iná ńkọ́? Bátìrì Tiago ńlá gba yúnìtì 24. Nígbà tí ó jáde, ilé iṣẹ́ ní yóò rin kìlómítà 315, ṣùgbọ́n ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe ojú pópó tó kún fún ọkọ̀ àti ooru. Ọ̀rẹ́ wa mú 200. Ó fi 3 kún yúnìtì náà nítorí èyí tí ń ṣòfò, ó ka yúnìtì kan sí rúpìì 10 nílé. Kò tó rúpìì kan àbọ̀ fún kìlómítà kan. Kìlómítà 12,000 ni yóò máa rìn lọ́dún. Lórí ìṣirò yìí, ọdún márùn-ún àti oṣù bíi mẹ́jọ ni owó tó fi lé e yóò padà. Bátìrì sì ní ẹ̀rí ọdún mẹ́jọ tàbí kìlómítà 160,000 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́.

Inú wa dùn. A ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì dé, ó wo pépà náà, ó ní, “Ẹ ti ṣírò nílé. Ilé wo?” Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ gbogbo ènìyàn wà nísàlẹ̀, mítà iná wọn wà lọ́tọ̀. Bí kò bá rí ibi cháàjì nílé, ibi ìcháàjì ojú títì ni yóò máa lọ. Ó ka yúnìtì ibẹ̀ sí rúpìì 20. A tún ìṣirò náà ṣe: owó náà kò ní padà títí ọdún mẹ́jọ, ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rí bátìrì ń parí. Ẹnu wa wọlẹ̀.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ gbà kí ènìyàn cháàjì ọkọ̀ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé náà kò fẹ́. Wọ́n ní bátìrì yóò gbiná. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn lásán, nítorí ní 2022 àwọn alùpùpù oníná mélòó kan gbiná ní Íńdíà, ọ̀kan ní Pune níbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà ní ìgbà mẹ́ta pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fa wáyà láti mítà òun sí ìdí ọkọ̀ òun. Wọn kò dáhùn.

Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ wà ní Solapur, nǹkan bí kìlómítà 250. Èyí kò pẹ́ wa: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ. A kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn torí ìrìn ọjọ́ méjì yan ọkọ̀ fún ọjọ́ tó kù. Àwọn kan ní kí ó ra èyí tí ń lo gáàsì CNG. Ó ní sílíńdà ti gba gbogbo búùtù.

Ohun tí a kò retí ni èyí tí ó sọ fún wa ní ìsinmi ọ̀sán. Písítìnì ni ó ń ṣe lórí ẹ̀rọ, láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mọ́tò oníná kò ní písítìnì, kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Bí mo bá gùn ún wọ ọgbà ilé iṣẹ́, ojú wo ni n óò fi wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi?” Àwa mẹ́ta kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ẹnì kan nínú wa ní kí ó ra ti epo. Àwa méjì ní òṣìṣẹ́ kan kò lè fi àpò ara rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ẹgbẹ́ ni kí ó béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ nísinsìnyí, kí wọ́n máa kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ mọ́tò oníná kí ẹ̀rọ písítìnì tó dákẹ́. Ẹgbẹ́ wọn ti gbé e sínú ìwé ìbéèrè wọn.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni mú pépà yẹn lọ sọ́jà níhìn-ín o. Iná tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Lẹ́yìn Diwali ó kọ̀wé sí wa. Ìgbìmọ̀ ilé ti gbà nígbẹ̀yìn, lórí pé òun ni yóò san owó wáyà àti ti oníṣẹ́ iná. Ó ra ti iná. Àbúrò rẹ̀ tó háyà yàrá, tí ń gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ra àlòkù elépo ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìyàwó rẹ̀ ní kí a kí yín.

Alága, ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.