Owó Òṣìṣẹ́ Ni Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn ọmọ wa, ó sì kan ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí ẹ ń wá ọ̀nà àtigba oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Tamale ní àríwá Ghana ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìlú yìí kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lóde òní, ìmọ̀ ni ọmọ wa lè torí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Òfin ọdún 1992 ni ó dá yunifásítì UDS sílẹ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Nyankpala ní 1993. Ibùdó kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ WACWISA, tí ń kọ́ni nípa omi, ìbomirinlẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ títí dé ipò ọ̀mọ̀wé. Lábẹ́ ètò kan tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ibùdó náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní owó ìrànwọ́.

Níbo ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àánú òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ghana ni ó yá owó ètò náà, owó orí ará ìlú ni a ó sì fi san án. Bẹ́ẹ̀ ni ti GETFund, àpò owó ẹ̀kọ́ tí Ghana dá sílẹ̀ ní 2000: ìdá 2.5 nínú 100 ni a ń bù fún un lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí mẹ̀kúnnù ń rà. Nígbà tí Àgbà Olùyẹ̀wò Ìṣirò Owó ilẹ̀ náà yẹ ìnáwó 2012 sí 2018 wò, ìjábọ̀ tí ó jáde ní 2020 sọ pé àpò náà ń pín sikọ́láṣípù ilẹ̀ òkèèrè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé òfin fún un láṣẹ, àti pé ó rán ọ̀pọ̀ lọ kọ́ ohun tí wọn ìbá kọ́ nílé. Owó tí a kò bá ṣọ́, ẹni tí kò tọ́ sí ni í kó o.

Ní Nàìjíríà níbí, àdéhùn tí ẹgbẹ́ ASUU bá ìjọba ṣe ní 1992 ni ó bí òfin owó orí ẹ̀kọ́ ti 1993, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdá 2 nínú 100 èrè wọn. Àpò yẹn ni ó di TETFund ní 2011, òun ni ó sì ti rán ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ gba oyè. Ìjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó so èso náà.

Nítorí náà, bí ìwé ìrànwọ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé owó ilé-ìwé nìkan ni, àbí oúnjẹ àti ilé wà nínú rẹ̀? Ta ni yóò san owó ìwádìí àti ọkọ̀? Ọdún mélòó ni yóò fi máa wọlé, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀kọ́ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé àdéhùn wà pé ẹ ó padà wá sìn? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò kéré. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa lẹ ìkéde ìrànwọ́ mọ́ ojú pátákó kí ọjọ́ tó kọjá. Kí a kọ ìsinmi fún ẹ̀kọ́ sínú àdéhùn wa pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, kí ẹni tí ó lọ kàwé lè bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Kí a sì máa béèrè ní gbangba fún orúkọ àwọn tí a fún lówó àti ìdí tí a fi yàn wọ́n. Òógùn wa ni wọ́n ń ná. Ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ ẹni tí ó ń jẹ ẹ́.