Ààbò Ẹ̀rọ Tí Ń Ròyìn Láti Òkèèrè

Ní agbègbè Maroochy ní Queensland, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ilé ẹ̀rọ 142 ni ó ń ti omi ẹ̀gbin kúrò láàrin ìlú. Rédíò ni wọ́n fi ń ròyìn fún ọ́fíìsì. Òun náà ni ọ́fíìsì fi ń pàṣẹ fún wọn. Ní ọdún 2000, àwọn ẹ̀rọ ń ṣíwọ́ iṣẹ́ láìnídìí. Omi ẹ̀gbin tí ó tó lítà 800,000 ya wọ odò àti ọgbà ìgbafẹ́.

Ẹ̀rọ tuntun náà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kan ṣàkíyèsí pé ilé ẹ̀rọ 14 ni àwọn àṣẹ burúkú náà ń pe ara wọn. Ó lọ síbẹ̀, kò rí àléébù kan. Ó wá yí nọ́ńbà ilé náà padà sí 3. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ó bá pe ara rẹ̀ ní 14, irọ́ ni.

Ọkùnrin kan tí ó ti bá àwọn tí ó ri ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ rí ni ọwọ́ tẹ̀, ti òun ti kọ̀ǹpútà àti rédíò nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìlú mìíràn ì bá fi ìtìjú bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: ní 2008 àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í béèrè ẹni tí ó ń pàṣẹ.