Kí Ẹgbẹ́ Tó Fi Owó Òwú Ránṣẹ́



Bí owó òwú bá ti wọlé, àwọn ọmọ wa a máa gbé fóònù wá: "Bàbá, ẹ wo ẹ̀rọ yìí. Wọn kò tíì ṣe é tán, àmọ́ ẹni tó bá tètè dá owó sí i yóò rí i gbà ní ẹ̀dínwó." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti dá owó sí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn, èyí tó ń lo bátìrì. 45.000 fránkì ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì san án. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá, oṣù mọ́kànlá ló gbà. Wọ́n tún ní owó ọkọ̀ ojú omi ti lọ sókè, kí n fi 18.000 kún un. Nígbà tó dé Kùtọnu, owó aṣọ́bodè àti ti ẹni tó bá mi gbà á jáde jẹ́ 22.000. Ọkọ̀ tó gbé e dé Ṣábẹ̀ gba 5.000. Ẹ rò ó pọ̀: 90.000. Ìlọ́po méjì!

Kì í ṣe èmi nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní 2014, àwọn ènìyàn tó lé ní 62.000 dá owó tó ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ lórí Kickstarter, fún àpótí kan tí a fi ń mú ohun mímu tutù, Coolest Cooler. Owó náà kò ká iṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ kíákíá fi 97 dọ́là kún un. Ní òpin 2019, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò rí àpótí kankan gbà. Kickstarter fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun kì í ṣe ilé ìtajà.

Nílé wa níbí, ẹ rántí ICC Services ní 2010. Èlé ńlá nìyẹn ṣèlérí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Jìbìtì yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí kò yọrí, àmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi owó sílẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Tiwa tún léwu jù: gbogbo wa la jọ dúró fún gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn. Bí owó ẹgbẹ́ bá há sí òkè òkun, ẹni tí oko rẹ̀ ṣe dáadáa ni yóò san ti ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè:

1. Ṣé nǹkan náà ti wà, àbí àwòrán lásán ni?

2. Iye tí wọ́n kọ, ṣé ó dé Kùtọnu ni, àbí ó dé Ṣábẹ̀? Kí ẹni tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

3. Báwo ni ẹrù náà ṣe tóbi tó? Kì í ṣe ìwúwo nìkan ni wọ́n ń kà. Ohun tó fúyẹ́ tó sì gba àyè, owó rẹ̀ ń pọ̀.

4. Bí kò bá dé, ta ni a ó mú? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ dán an wò, kó fi èyí tí kò ní pa á lára bó bá sọnù. Owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ìpàdé fọwọ́ sí i, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.