Ẹnu Ẹ̀rọ Lára Àmù: Ohun Èlò Omi Tó Yẹ Ilé Wa

[Ìró: omi ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú àmù. Ìró náà lọ sílẹ̀.]

OLÙSỌ̀TÀN: Dìsípẹ́ńsà, ẹ̀rọ tó ń mú omi mímu tutù tàbí gbóná, kì í fọ omi. Ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn kó tó tọwọ́ bàpò. Omi tí wọ́n bá gbé lé e lórí náà ni yóò bù fún wọn. Bí kòkòrò àrùn bá wà nínú omi kànga tí wọ́n rọ sí jáà, yóò bá omi tútù jáde sínú ife.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà nílẹ̀ Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1942 ni ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ti wà fún ìlú Ìbàdàn, ìsédò Aṣejirẹ tó sé odò Ọ̀ṣun sì wà ní agbègbè Ẹgbẹ́dá gan-an. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ abúlé láti Mọ́níyà títí dé Akáńrán, omi kànga, omi bohòólù, omi òjò àti píọ̀ wọ́tà ni wọ́n gbára lé. Kálukú ló ń wá omi sílé ara rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Kí ẹ̀rọ oníná tó dé, àmù ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á gbé e lé orí yanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ tí oòrùn kò dé, wọ́n á fi ọmọrí dé e, wọ́n á gbé ife sórí ọmọrí. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ara àmù, yóò rí i pé ó rin. Omi ló ń gba àwọn ihò tín-ín-tín ara amọ̀ jáde, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń gbẹ ẹ́ lóde ni ooru ń kúrò lára omi inú. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù lásìkò ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Kò béèrè iná, kò béèrè epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹnu àmù ni àléébù rẹ̀. Ọmọ tó ti oko dé á ki ife bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ á kan omi. Àlejò á bù, ìyá arúgbó á bù. Ní ọdún 2004, Jim Wright, Stephen Gundry àti Ronan Conroy kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì rí i pé omi tó mọ́ níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n sábà máa ń dọ̀tí kó tó dé ẹnu ẹni tó fẹ́ mu ún. Láti àwọn ọdún 1990 ni CDC, iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n lo ike ẹlẹ́nu tóóró, tó ní ẹnu ẹ̀rọ, kí ọwọ́ má baà wọnú omi.

Ẹnu ẹ̀rọ yẹn gan-an ló wúlò jù lára dìsípẹ́ńsà, kò sì nílò iná rárá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tí wọ́n lu ẹnu ẹ̀rọ sí nídìí ń ṣe iṣẹ́ náà. Amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ lè fi sí ìdí àmù pẹ̀lú.

[Ìró: gángan, díẹ̀. Ó lọ sílẹ̀.]

Àwọn àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò tíì gbàgbé sòbìà, àrùn aràn tó ń ti inú omi mímu wá. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n ń fi sẹ́ omi odò wà lára ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí aláìsàn tó kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde lọ́dún 2013 pé àrùn náà ti tán nílẹ̀ wa. Àmọ́ aṣọ asẹ́ ò lè dá kòkòrò onígbáméjì dúró; álọ́ọ̀mù náà ò lè pa á, ẹrẹ̀ nìkan ló ń mú lọ sísàlẹ̀. Omi kànga gbọ́dọ̀ hó yaya lórí iná kó tó wọ inú ohunkóhun tí ẹ bá rà.

Àwọn kan ti fi amọ̀ fúnra rẹ̀ wá ọgbọ́n sí kòkòrò inú omi. Fernando Mazariegos, ọmọ Guatemala, po amọ̀ mọ́ ohun tó ń jóná lọ́dún 1981. Nígbà tí wọ́n sun ìkòkò náà, èyí tó jóná fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ihò náà sì ń sẹ́ kòkòrò. Ron Rivera, ará Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn amọ̀kòkò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè níṣẹ́ yìí. Ó wá sí Nàìjíríà fún un, ibà mú un níbí, ó sì kú lóṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ẹ̀rọ oníná ńkọ́? Kó kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí iná fi ń wà ládùúgbò. Wákàtí 4 lójúmọ́ ni ìlérí tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná ṣe fún àwọn oníbàárà tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí E. Èyí tó ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì ló ń mú omi tutù dáadáa. Èyí tí kò ní i dínwó, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í ká ooru oṣù kẹta. Èyí tí wọ́n ń gbé jáà sí nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ro ìyá àgbà, nítorí jáà lítà 19 wúwo. Ṣùgbọ́n pọ́ńpù oníná ló ń fa omi rẹ̀ sókè: bí iná bá lọ, omi náà lọ. Ní abúlé wa, kò yẹ ní rírà. Ilé tó sì ní ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ ra èyí tí ẹ̀rọ omi gbígbóná rẹ̀ ní ìdènà, torí omi yẹn ń bó ara.

Ibi tí jáà jókòó sí máa ń yọ̀ bí wọn ò bá fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kàn wo bó ṣe ń dán. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí i, kó fi ihò tí wọ́n ń gbà da omi nù lẹ́yìn rẹ̀ hàn yín, kó sì fi hàn yín bí ọwọ́ ṣe ń dé inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Èyí tí ọwọ́ yín ò bá lè dé inú rẹ̀, ẹ má rà á.